Wáyà Tó Wà Lẹ́yìn Etí

Kí n tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ na án sí imú ara mi. Èmi ni mo ta ọṣẹ fún un. Ọṣẹ lásán ni, ọṣẹ tí mo fi ń fọ ìdí ara mi láràárọ̀, tí mo po eérú díẹ̀ mọ́, tí mo wé sínú ewé, tí mo sì ń pè ní ẹ̀rọ̀ oògùn. Ẹ máa rín mi. Èmi náà ń rín ara mi, àfi pé bí mo bá rín in tán, ó máa ń rẹ̀ mí bí ẹni tó ru omi gun òkè.

Owú ló fà á. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onígò, nítorí ìgò tó tò yí yàrá rẹ̀ ká. Ọkọ mi ni nígbà kan rí. Nígbà tí mo kó ẹrù mi jáde nílé rẹ̀, mi ò lọ jìnnà: òun wà ní òkè òpópónà, èmi lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń ta oògùn tó ń de èèyàn, èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tó ń tú u. Òun ń ta àgádágodo, èmi ń ta kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ẹ̀rù bá lé jáde lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni yóò sá wá. Nígbà tí a jọ wà lábẹ́ òrùlé kan, a ò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ tó báyẹn.

Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ nìyí. Ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìṣirò ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ fún mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ìyókù.

*

Iṣẹ́ wáyà wíwé ni Ìṣirò ń ṣe. Bí pọ́ǹpù tàbí fáànù bá jó, wọ́n á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá sílẹ̀. Ìṣirò á tú u palẹ̀, á fa wáyà bàbà tó ti jó dúdú jáde bí ẹni ń fa ìfun ẹran, á wé tuntun sí i, á fi òwú funfun so ó ní kókó kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ń ta irú rẹ̀ kó tó kọ́ ọ, á rì í sínú fáníìṣì, á sì sá a sóòrùn. Wọn kò ṣèèṣì pè é ní Ìṣirò. Kò ní fo gọ́tà láìkọ́kọ́ ṣírò ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò balẹ̀, ohun tó máa ṣe é bí kò bá balẹ̀ dáadáa, àti ẹni tó máa rí i tó máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ṣọ́ọ̀bù bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó tó fi sílẹ̀. Ìyá Ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Ìṣirò bí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó wọlé ọkọ, ó bá a tó ń rákò nílẹ̀, nítorí náà "ọkọ mi" ló ń pè é, "ẹ" ló sì ń bá a sọ. Òun náà ń pè é ní "Ìyá wa", "ẹ" náà ló ń fún un. Olè àti olóko tó ń bọ̀wọ̀ fúnra wọn tó bẹ́ẹ̀, mi ò tíì rí irú rẹ̀.

Nítorí Ìṣirò ń jalè. Bàbà tí wọ́n bá yọ lára ohun tó jó, inú àgbá kan lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń kó o sí, ibẹ̀ sì ni obìnrin náà ti ń rí oúnjẹ jẹ bí iṣẹ́ ò bá sí. Àgbá náà kì í kún mọ́. Ìyàwó Ìṣirò ti padà sílé àwọn òbí rẹ̀, ó ní òun ò ní padà wá sínú yàrá tí ọ̀nà ibùsùn rẹ̀ gba yàrá ẹlòmíràn kọjá. Ìṣirò ń wá owó yàrá tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ó jókòó, ó ṣírò. Ọlọ́pàá ńkọ́? Ìyá wa ò ní fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láé. Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rí i. Ìtìjú ńkọ́? Ìtìjú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ sí kì í wúwo lórí. Ó kó ẹ̀kúnwọ́ kan. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó kó òmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Ṣọ́ọ̀bù fi gèlè bojú, ó gòkè lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onígò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìkarahun ìgbín kan àti àkísà dúdú ti wà lórí àgbá náà. Ó kéde rẹ̀ létí gbogbo àwọn tó ń wọlé: ẹni tó bá mú nínú bàbà yìí, inú á máa run ún títí á fi jẹ́wọ́. Ọmọ àlè ní í rí ààlè tí kì í bẹ̀rù. Ìṣirò bẹ̀rù. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi.

*

Mo fún un ní ọṣẹ. Mo tilẹ̀ fajú ro bí mo ṣe ń fún un, kó lè mọ̀ pé ohun ńlá ni mo ń fún un. Mo ní kó fi wẹ̀, kó má sọ̀rọ̀ títí ara rẹ̀ á fi gbẹ.

Ó wẹ̀, ó mú bàbà, ó wá jókòó sórí ibùsùn, ó ń dúró de inú rẹ̀. Inú ẹni tí a bá ń dúró dè kì í pẹ́ sọ̀rọ̀. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan, Ìṣirò di ìrọ̀rí mú. Ó tún kùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́ fún ògiri. Lẹ́yìn náà, ó só, ó bá parí síbẹ̀. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láti ọ̀nà jíjìn.

Láti ìgbà náà, ó ń wẹ̀, ó ń mú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kò mú ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ rí. Inú rírun ló wà níwájú rẹ̀, nítorí náà ohun tó tó inú rírun ló ń jí. Bí ìyà bá mọ níwọ̀n, olè náà á mọ níwọ̀n. Mo ti gbọ́n báyìí ni mo ń sọ ọ́. Nígbà yẹn, inú mi kàn ń dùn pé oògùn ọkọ mi ò ṣiṣẹ́.

*

Ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní òpin òpópónà ló gbé pọ́ǹpù rẹ̀ wá. Pọ́ǹpù ńlá ni, bàbà inú rẹ̀ nìkan tó ti àgbá lọ́nà púpọ̀. Bó ṣe jó, garawa ni àwọn ọmọbìnrin ilé ìgbẹ̀bí fi ń pọnmi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì máa wo inú ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n ti ń lọ. Ìyá Ṣọ́ọ̀bù mọ̀ pé bí pọ́ǹpù yẹn bá sọnù, ilẹ̀kùn òun tì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa gbé fáànù wá fún ẹni tó sọ omi aboyún nù.

Ó tún gòkè lọ. Bàbá Onígò wà lórí àpótí rẹ̀ láàárín àwọn ìgò, ó ń wúkọ́. Ìgbà tó dákẹ́, ó bi í ní ìbéèrè kan tí obìnrin náà ò tètè lóye.

"Èwo lẹ fẹ́, ìyá? Èyí tó ń mú olè, àbí èyí tó ń dẹ́rù bà á?"

Ó bi í pé kí ni ìyàtọ̀ wọn.

"Èyí tó ń mú olè kéré, kì í sì í pariwo. Ó máa gbà kí ẹ̀yin náà máa wà lójúfò. Èyí tó ń dẹ́rù bà á ló tóbi."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, bàbá. Ẹ fún mi léyìí tó tóbi."

Ó gbé ìdì pupa kan jáde lábẹ́ ibùsùn, kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, òwú dúdú ni wọ́n fi so ó ní kókó. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e, bí ẹni pé ó ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun. Ó ní kí wọ́n gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà. Ó ní ẹni tó bá mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀ lọ sílé rẹ̀, bó ṣe wáyà tó tín-ín-rín bí irun, òṣùpá tó ń bọ̀ kò ní bá a láyé. Ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má tẹjú mọ́ kókó náà.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù gbé e délé lábẹ́ ìborùn. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ wú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdì pupa náà ti ń mì lókè ẹnu ọ̀nà, atẹ́gùn kankan ò sì fẹ́.

*

Ọ̀rọ̀ Bàbá Onígò dé etí Ìṣirò, kò sì jí nǹkan mọ́. Kí ni yóò ṣírò? Ikú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bù sí méjì. Bó bá fẹ́ wọlé, á tẹ orí ba, á kọjá lábẹ́ ìdì náà bí ẹni tí òjò ń lé, kò sì gbójú sókè wò ó rí. Ó ń wé pọ́ǹpù ilé ìgbẹ̀bí láti àárọ̀, ọ̀rùn rẹ̀ á sì máa tutù, bí ẹni pé ẹnì kan ń mí sí i. Ẹyẹ kan wọlé lójú fèrèsé, ó yípo lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú sínú fáníìṣì. Òun ló yọ ọ́ jáde. Ó wò ó títí. Ó ní ìyẹ́ rẹ̀ rí bí irun ẹ̀gbọ́n òun.

Síbẹ̀, ó sọ fún mi pé oorun àwọn ọjọ́ yẹn dùn. Ọkàn ẹni tí kò ní nǹkan tó ń fi pa mọ́ máa ń fúyẹ́. Ṣé ẹ rí i pé ìdì náà ṣiṣẹ́? Bó bá dúró síbẹ̀ ni, ìbá ti tán.

Àmọ́ àwọn tó ń wé wáyà ní àṣà kan. Bí ọwọ́ méjèèjì bá dí, wáyà tí wọ́n bá gé kù, ẹ̀yìn etí ni wọ́n ń kì í sí, bí káfíńtà ṣe ń ki pẹ́ńsùlù. Wọ́n á fi síbẹ̀, wọ́n á gbàgbé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìṣirò délé, ó bu omi bọ́jú, ohun kan sì gún un níka. Ó fà á yọ. Wáyà bàbà ni, tuntun, tín-ín-rín bí irun, tó ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà.

Ó ti mú nǹkan kúrò níbẹ̀. Ó mú un wá sílé rẹ̀.

Ó sá padà láìwọ bàtà. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti gbàgbé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sílé. Ó ti wáyà náà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní òun dá a padà o, kì í ṣe olè, àṣà ọwọ́ ni. Lókè orí rẹ̀, ìdì náà ń mì. Ó rò ó wò: wọn ò sọ pé ẹni tó bá dá a padà á bọ́. Bàbá Onígò ò fi àyè ìbẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan.

*

Ó wá bá mi ní àfẹ̀mọ́jú. Àwọ̀ rẹ̀ ti rí bí eérú. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, ó ní kí n fún òun ní ẹ̀rọ̀ ikú.

Òótọ́ rèé. Mo mọ Bàbá Onígò. Mo bá a sùn títí ibùsùn fi jìn láàárín; ọkùnrin náà kì í lè pa aáyán, èmi ni mo máa ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Ikú wo ló fẹ́ dì? Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ: máa lọ sílé, ọmọ mi, kò sí nǹkan kan nínú ìdì yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní àgádágodo rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, kí ni kọ́kọ́rọ́ mi? Mo gbé ẹnu mi pa mọ́. Mo ní ikú ò lẹ́rọ̀.

 Mo rí i tó ń ṣírò. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín.

"Ìyá àgbà, bí mo bá mú irun kan, ikú ni. Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀, ikú náà ni. Kí ló wá kù tí mo ń bẹ̀rù?"

Ó ní pọ́ǹpù ilé ìgbẹ̀bí ni òun máa kó. Òun á fi gba yàrá tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ fún ìyàwó òun, kí òṣùpá tó yọ. Ó ní ó kéré tán, yóò rí ibi tí yóò ti ṣọ̀fọ̀ òun.

Ẹ̀rù bà mí. Mo wá ohun tí mo lè fi dá a dúró, ìgbéraga ni mo sì bá lẹ́nu. Mo ní, bó bá di dandan kó ṣe é, ọwọ́ òsì ni kó fi mú un, ikú á gba ọwọ́, á fi orí sílẹ̀. Mo rò pé bó bá gbọ́ pé ọwọ́ ló máa lọ, á padà sẹ́yìn. Ọwọ́ ni gbogbo ohun tí awé-wáyà ní. Mi ò rántí ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó ṣírò ọwọ́ kan pẹ̀lú orí kan, ó sì rí i pé òun jèrè. Ikú tó fẹ́ pani tó ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

*

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni. Oòrùn ti lé gbogbo èèyàn wọlé. Ajá pàápàá ò gbó. Ìṣirò ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lápò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un. Ó tẹ orí ba, ó kọjá lábẹ́ ìdì náà. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn sẹ́yìn, ó gbọ́ tí ìdì náà kan igi ilẹ̀kùn, kọ́, bí ẹni tó fi ìka kan ilẹ̀kùn láti bèèrè ẹni tó wà nínú ilé.

Pọ́ǹpù náà wà lórí tábìlì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wé e tán. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni, ó mọ́lẹ̀ bí ilẹ̀kẹ̀. Ó ki ọwọ́ òsì bọ inú rẹ̀, ó di wáyà náà mú, ó sì fà. Wáyà náà ò tètè bọ́, nítorí ó wé e dáadáa. Ó tún fà. Ìdì òkè ẹnu ọ̀nà tún kan igi. Ó rò ó lọ́kàn pé bó bá gbójú sókè báyìí, òun á rí ojú ẹnì kan níbẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdìpọ̀ kan bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ sì pa dé lé e lórí.

Wọn ò ṣí mọ́.

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tú wọn, wọn ò ṣí. Ó lu ọwọ́ náà mọ́ tábìlì, kò dùn ún. Bíi pé wọ́n fi ọwọ́ ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àgbá, ó ń dúró de èyí tó kù.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù ló bá a níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló máa ń wá jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí náà kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ó rí i, ó rí ọwọ́ rẹ̀, ó rí ohun tó wà nínú ọwọ́ náà. Kò pariwo. Ó ránṣẹ́ pè mí, nítorí wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tó ń fi òróró wọ́ èèyàn lára.

*

Mo wọ́ ọ títí òróró fi tán. Kókó ìka rẹ̀ le bí òkúta. Lóde, àwọn ọmọbìnrin ilé ìgbẹ̀bí ń kọjá pẹ̀lú garawa, omi ń ta sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ bí wọ́n ṣe ń wé pọ́ǹpù yẹn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò sì sọ ọ́.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù gorí àga, ó já ìdì pupa náà bọ́ sílẹ̀, ó gbé e lé Ìṣirò lórí itan. Ìṣirò yíjú kúrò bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn kíkorò.

"Ẹ wò ó, ọkọ mi."

Kò wò ó.

"Ẹ wo kókó rẹ̀."

Ó pẹ́ kó tó wò ó. Èmi náà wò ó. Òwú dúdú kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Òwú funfun ni, òwú ṣọ́ọ̀bù. Kókó náà sì ni èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń so wáyà, tó yípo ara rẹ̀, tí ìrù rẹ̀ sì padà wọ abẹ́. Láyé yìí, èèyàn méjì ló kù tó lè ta á.

Obìnrin náà jókòó lórí àpótí. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní ìrọ̀lẹ́ tí òun gbé e dé náà ni òun ti tú u, òkúta wẹ́wẹ́ àti ìyẹ́ ẹyẹ ló wà nínú rẹ̀, òun sì dà wọ́n sí gọ́tà. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ pé Ìṣirò ló ń mú bàbà náà.

"Ẹnu mi ò gbà á láti pe ọmọ ìyá ọkọ mi lólè. Mi ò sì lè gbé ikú kọ́ sójú ọ̀nà yín. Mo so kókó yẹn kí ẹ lè rí i, kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀. Mo rò pé ojú awé-wáyà ni, kò ní pẹ́ tó máa rí i. Ẹ̀yin ò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan."

Ìṣirò fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́ kókó náà wò. Ó tọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń tọ́ ojú ẹni tó sùn. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, tó ṣì di bàbà náà mú lórí itan rẹ̀, tó dúdú díẹ̀ lẹ́bàá èékánná. Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó wò mí. Ọwọ́ mi ṣì ń yọ̀ fún òróró.

"Bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀, Ìyá àgbà, kí ló wá di ọwọ́ mi mú?"